Wọ́n Ti Ka Àádọ́rin Ìwé, Etí Wọn Ni Kò Gbọ́

Bí ẹ bá ń gbé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lóde òní, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ka iye ìwé tó ti kà lọ́dún yìí sí yín létí, a jẹ́ pé ẹ kì í lọ sí ìkómọ, ẹ kì í wọ táksì Kútọnú, ẹ kò sì ní àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Àṣà tuntun ti wọ̀lú. Láyé ijọ́sí, ẹni tó bá fẹ́ kí aráyé mọ̀ pé òun ti di èèyàn á ra mọ́tò, tàbí kó dá léèsì ńlá. Ìyẹn ò jọ wọ́n lójú mọ́. Ìwé ni wọ́n fi ń ṣakọ báyìí. Ẹ má wulẹ̀ wo ọwọ́ wọn o, ẹ kò ní í rí ìwé kankan níbẹ̀. Inú tẹlifóònù ló wà. Ìwé àfetígbọ́ ni, èyí tí ẹnìkan ti kà sínú ẹ̀rọ sílẹ̀. Etí ni wọ́n fi ń kà á.

Mo mọ olórí wọn. Mi ò ní í dárúkọ rẹ̀, torí ọmọ àdúgbò wa ni, ìyá rẹ̀ sì máa ń fi ènì sí àkàrà mi. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ọ̀gá Ònkàwé. Kútọnú ló ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ibi tí a wà yìí. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á ki wáyà bọ etí nínú táksì, á dijú, á máa mi orí. Ẹni tó bá jókòó tì í á rò pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ó ti ka ìwé 36. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi níbi ìkómọ kan ní Ouando, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé, kí n tó bi í ní nǹkankan.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé mélòó lẹ ti kà lọ́dún yìí?"

Mo ní mo ṣì wà lórí ọ̀kan.

"Ọ̀kan! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ nǹkan?" Ó wò mí tàánútàánú.

Mo ní kó sọ ọ̀kan fún mi nínú tirẹ̀, èyíkéyìí tó bá wù ú. Ó ní èyí tí òun parí lánàá dùn kọjá sísọ, wọ́n pa ọkùnrin kan níbẹ̀. Mo ní ta ló pa á? Ó wo òkè, ó wo abọ́ ìrẹsì tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ibẹ̀ gan-an la dé Sèmè-Kpodji, ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ mi."

"O ò wá dá a padà sẹ́yìn?"

"Tí mo bá ń dá wọn padà, báwo ni mo ṣe máa pé 70 kọ́dún tó parí?"

Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kíá: mi ò bá etí jà. Nígbà tí Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́dún 1877, kò ju ọdún kejì lọ tó fi kọ ọ́ pé kíka ìwé fún afọ́jú wà lára iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà máa ṣe. Ó di ọdún 1934 kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó máa dé ọwọ́ àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà, lórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí ojú kan rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Àwọn kan nínú wọn, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ló fọ́ wọn lójú. Bí ojú kan bá tán, onítọ̀hún á dìde, á fọwọ́ tá àwo náà, á yí i padà, á tún lọ jókòó. Ẹ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ta ló pa ọkùnrin inú ìwé, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn.

Ní Kúbà ńkọ́? Láti ọdún 1865 ni àwọn tó ń wé tábà ti ń dá owó jọ láti inú owó iṣẹ́ wọn, tí wọ́n fi ń gba ẹnìkan tí á jókòó sórí pèpéle, tí á máa ka ìwé ìròyìn àti ìtàn sí wọn létí bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń jiyàn lé e lórí. Kò pẹ́ rárá, lọ́dún 1866, ìjọba Sípéènì tó ń ṣe àkóso níbẹ̀ fòfin dè é. Ẹ wá sọ fún mi, ìjọba wo ló máa fòfin de Ọ̀gá Ònkàwé? Ta ló máa bẹ̀rù ẹni tó gbọ́ ìwé 36 tí kò rí ọ̀kan dì mú?

Nílé wa níbí náà, ẹni tó ń kọ́ Ifá, etí ló fi ń gba odù mẹ́rìndínlógún, tí á fi dé 256, olúwo rẹ̀ kì í sì í fi èyí lé èyí bí ti ìṣáájú kò bá tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ yà sí ilé-kéú èyíkéyìí: wàláà wà lọ́wọ́, ojú ń wò ó, ẹnu ń pè é, etí ń gbọ́ ọ, pàṣán àfáà sì wà nítòsí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá lọ sójà. Ní Kétu, bí Ẹ̀fẹ̀ bá jáde lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó fi orin gún ẹni tó ń jí ewúrẹ́ àdúgbò, kí oòrùn tó yọ, àwọn ìyá ọlọ́jà á ti máa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, olè ewúrẹ́ náà á sì ti mọ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí náà ni UNESCO fi sára ogún aráyé lọ́dún 2008. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ìyá náà pé orin mélòó ni wọ́n gbọ́ lọ́dún yẹn.

Ti iye ìwé tiẹ̀ sàn. Eré sísá ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń bí mi nínú. Ẹni tó ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 150 ló máa ń pè ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń mí. Ó ń dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́, torí ẹni tó kọ ọ́ ti fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè wọra. Ọ̀gá Ònkàwé rí àyè yẹn, ó ní wọ́n ń fi àkókò òun ṣòfò. Ó tẹ eré ohùn náà sí ìlọ́po 1.5. Nígbà tó ṣe, ó tẹ ẹ́ sí 2. Ní báyìí, ìyá tó ń sunkún ọmọ rẹ̀ nínú ìtàn ń sun ún wàràwàrà, bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Olólùfẹ́ méjì ò lè dágbére fún ara wọn lórí tẹlifóònù ọkùnrin yìí. Kí ọ̀kan tó ní "ó dàbọ̀", èkejì ti délé.

Ó sì ti ràn dé ibòmíràn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀ lójú mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni. Màmá fara balẹ̀. Ó mú un láti orí bàbá ńlá, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá kọjá, ó ki ẹni tó yẹ kó kì. Ọmọ ń gbọn ẹsẹ̀. Ìka rẹ̀ ń rìn kiri lórí tábìlì, ó ń wá ibi tí á tẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ò lè yára díẹ̀ ni?"

Màmá wò ó títí. "Ṣé ìgbẹ́ ló ń gbọ̀n ọ́?"

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà ti kó sí i. Télọ̀ tó ń ránṣọ fún wa, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú wáyà rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó fi okùn ìwọnṣọ so èkejì mọ́ ọrùn. Mo kó aṣọ ẹbí lọ, ó wọn apá mi, píìnì kún ẹnu rẹ̀, ó ń ní "hẹ̀n-ẹ́n, hẹ̀n-ẹ́n", kì í sì í ṣe èmi ló ń dá lóhùn. Nígbà tí mo lọ gbà á, mo wọ̀ ọ́, apá òsì wọlé wẹ́rẹ́. Apá ọ̀tún kọ̀. Apá òsì lòun náà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú olè náà ni."

"Olè wo?"

"Tinú ìwé."

Ó fa àga fún mi. Ó sọ ìtàn náà láti orí dé ìdí: ilé tí wọ́n fọ́, orúkọ ìránṣẹ́ tó ṣílẹ̀kùn, irọ́ tí olè pa, ibi tí irọ́ náà ti tú. Ó tiẹ̀ bá olóyè kan nínú rẹ̀ jà lójú mi. Ìwé kan ṣoṣo ló sì ti ń gbọ́ láti ìgbà òjò. Mo san owó iṣẹ́ rẹ̀, mo sì wọ aṣọ náà jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá béèrè, mo ní àrà tuntun ni.

Ẹ̀yin oníwèé oníbébà, ẹ dákẹ́ ẹ̀rín. Alájì kan wà tó ní kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, ìwé tó fi ṣe BAC, ìdánwò àṣejáde girama, ló wà níbẹ̀ títí dòní. Ó ní òun kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, ìwé gidi lòun mọ̀. Bó bá mú ọ̀kan jáde, á ṣí i, á fi imú gbóòórùn rẹ̀, á dá a padà. Ibẹ̀ ni ìwé kíkà parí sí. Ilé Ìkówèésí ti orílẹ̀-èdè Benin wà ní ìlú wa níbí. Mo bi í pé ìgbà wo ló lọ síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti wá kùn ún ni?"

Ẹni tí ìwé àfetígbọ́ yẹ gan-an ni màmá alákàrà. Kò lọ ilé-ìwé. Láti ìgbà tó bá ti gbé epo kaná títí àkàrà á fi tán, ó lè gbọ́ ìtàn, kò sì ní í gbàgbé orúkọ ẹnìkan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé ni gbogbo èyí tó wà lórí tẹlifóònù ọmọ rẹ̀, ohùn ará Paris. Owó ńlá wà nídìí òwò náà: Audible, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìwé àfetígbọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1995, nǹkan bí 300 mílíọ̀nù dọ́là ni Amazon fi rà á lọ́dún 2008. Nínú gbogbo owó yẹn, kò sí èyí tó ya ìdí àkàrà. Mo wá ní kí ọmọ rẹ̀ máa jókòó tì í nírọ̀lẹ́, kó máa ka ìwé Yorùbá kan sí i létí. Ó ní àmì ohùn máa ń da òun láàmú. Ó ronú díẹ̀ sí i. Ó ní, àti pé ìyẹn ò lè wọ iye.

Ó ti tún rí òmíràn báyìí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì, Blinkist, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, ń gé odindi ìwé kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, èyí tí ẹ bá fẹ́ nínú kíkà àti gbígbọ́. Ojú kan àwo afọ́jú nìyẹn, ìwé ti tán. Ọ̀gá Ònkàwé ti ṣe ìṣirò rẹ̀, àlọ àti àbọ̀ Kútọnú, pẹ̀lú eré lẹ́ẹ̀mejì: ó ní òun máa kọjá 1,000 lọ́dún tó ń bọ̀.

Ó gbọ́ pé mo ń kọ nǹkan nípa òun. Ó ní òun ò ráyè kà á, kí n kà á sínú WhatsApp, kó má gùn. Mo ka ìlàjì rẹ̀ ránṣẹ́. Kí n tó gbé tẹlifóònù sílẹ̀, èsì ti dé:

"Ó dùn gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ti di 71."