Àwọ̀ ọsàn kọ́ ni ìpẹtà!

Ẹni tó bá tún sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré lèèyàn fi ń sọ páálí di irin tó dípẹtà, kó wá jókòó síwájú mi kó ṣe é lójú mi. Ó ti sú mi! Gbogbo fídíò tí mo wò, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ mú fóòmù, ẹ tì í bọ ọ̀dà acrylic aláwọ̀ ọsàn, ẹ máa fi tẹ páálí yín pẹ́pẹ́, ó parí. Kò parí o. Irọ́ ni wọ́n ń pa, iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni irọ́ náà sì ń bà jẹ́.

Àpótí kékeré kan ni mo fẹ́ ṣe fún ọjọ́ ìbí bàbá mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n ṣe é kó dà bí àpótí irin tí òjò ti pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fi abẹ gé jíà méjìlá látinú páálí, eyín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí ìka mi fi bó. Mo gé nọ́ọ̀tì, mo gé ojú kọ́kọ́rọ́. Mo wá ṣe bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Kò pé ìdajì wákàtí tí ìdérí àpótí fi ká kò bí ewé tí oòrùn pa. Jíà mẹ́ta ṣí kúrò lára rẹ̀. Etí páálí wú, ó ń bó ní ìpele-ìpele.

Ṣé ó wá le láti sọ fún èèyàn pé omi wà nínú ọ̀dà acrylic? Omi yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí ọ̀dà tó dì, ara páálí ló sì ń wọ̀ lọ. Ojú kan mu omi, ó wú. Ojú kejì kò mu, kò wú. Kí ló tún kù tó máa ṣe ju kó ká lọ? Ẹ kun ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Gbólóhùn kan péré nìyẹn! Ẹ fi gesso, ìyẹn ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀, kun ojú àti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni mo wá a rí, lẹ́yìn tí jíà méjìlá ti bàjẹ́.

Ti gbígbẹ ló tún ń bí mi nínú jù. Tí ẹ bá ń wo àwọn fídíò yẹn, ẹ má wo ọwọ́ wọn, fèrèsé ẹ̀yìn wọn ni kí ẹ wò. Nígbà tí wọ́n ń kun ọ̀dà àkọ́kọ́, oòrùn ń ràn. Nígbà tí wọ́n máa fi kun ìkejì, òde ti ṣú, wọ́n ti tan iná. Wákàtí mélòó ni wọ́n gé kúrò níbẹ̀? Àwa tí à ń wò á wá rò pé kò sí ìdúró láàárín, a ó ki fóòmù bọ orí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, fóòmù á sì ká ọ̀dà ìsàlẹ̀ kúrò tòun ti awọ páálí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dà acrylic tó bá ti gbẹ tán, omi kò lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́, èèyàn lè kun òmíràn lé e láìfòyà. Sùúrù nìkan ló gbà. Àwọn náà ṣe sùúrù, wọ́n kàn fi pamọ́ fún wa ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé kí n fi atẹ́gùn gbígbóná lé e: ọ̀dà tó bá nípọn, ńṣe ló ń lé bí ara tí omi gbígbóná dà sí.

Mo ṣe èkejì. Kò ká. Mo gbé e fún bàbá mi lọ́jọ́ ìbí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló da ọ̀dà sí i lára?" Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, tọkàntọkàn ni wọ́n fi bi mí. Mo ní, "Ìpẹtà ni, Bàbá." Wọ́n fi èékánná tọ́ ìdí nọ́ọ̀tì kan, wọ́n ní, "Ibí yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Omi á dúró sábẹ́ rẹ̀, á jẹ ẹ́, á wá ṣàn wálẹ̀. Àárín gbangba lo fi tìrẹ sí."

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa yìí, ó jọ gáte, kò jọ gáte!

Ẹ lọ wo irin tó dípẹtà. Ibi tó pọ̀ jù lára rẹ̀ dúdú bí ilẹ̀ tútù, pupa bí amọ̀ sísun á tẹ̀ lé e, èyí tó mọ́lẹ̀ bí ọsàn kàn wà níbi díẹ̀díẹ̀ ni. Burnt umber, ọ̀dà tó dúdú bí ilẹ̀ yẹn, ló yẹ kéèyàn fi bo gbogbo rẹ̀, kí burnt sienna, èyí tó pupa bí amọ̀ sísun, tẹ̀ lé e ní etí àti ní ìdí nọ́ọ̀tì, kó tó wá kan àwọ̀ ọsàn, pẹ̀lú fóòmù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ohun tó fún ìpẹtà ní àwọ̀ náà ló fún sienna ní tirẹ̀: ilẹ̀ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń wà tẹ́lẹ̀ ní agbègbè Siena ní Ítálì, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ohun tí à ń wá wà nínú túùbù, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n ń kó àwọ̀ ọsàn lé wa lọ́wọ́. Àwọn kan tún ń fi àwọ̀ ewé tó fara jọ búlúù sí i. Bàbà ló ń yọ ìyẹn! Irin kì í yọ ọ́. Wọ́n á tún wá fi ọ̀dà dídán bò ó níkẹyìn, bẹ́ẹ̀ ìpẹtà kì í dán.

Ọjọ́ ìbí ti kọjá. Àpótí kẹta wà lórí tábìlì báyìí, mo ti kun ojú, mo ti kun ẹ̀yìn, ìwé ńlá méjì ló wà lórí ìdérí rẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la. Ìdí nọ́ọ̀tì ni màá ti bẹ̀rẹ̀.