Ilé orí kùsà èédú: ká rà á ni, àbí ká sá?

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ẹ kú ilé o. A rí ilé kan lẹ́bàá Barnsley, yàrá mẹ́ta, owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ìwé tí lọ́yà gbà fún wa sọ pé wọ́n ti wa èédú lábẹ́ ibẹ̀ rí. Ọkọ mi ní ká rà á, ọkàn tèmi ò balẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ rà á jàre. Ta ló tún ń wa èédú? Kellingley, kùsà èédú jíjìn tó gbẹ̀yìn ní Bírítéènì, ti kógbá sílé láti December 2015. Ilẹ̀ tó bá fẹ́ jìn ti jìn tán.

Láídé Sọ̀fíyọ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Bí wọ́n ṣe wà á ló ṣe pàtàkì. Ti ayé òde òní, ẹ̀rọ ló ń gé èédú lọ gbọọrọ, òrùlé ihò á sì máa wó lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ òkè á rì tẹ̀ lé e, nígbà mìíràn tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìnípọn èédú tí wọ́n kó. Èyí burú, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń parí, ọdún díẹ̀ ni. Ti àwọn ará àtijọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Wọ́n á fi òpó èédú sílẹ̀ láti gbé òrùlé ró, omi á sì máa jẹ ẹ́. Òpó yẹn lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó wó, pàápàá tí ihò náà kò bá jìn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Gírámà pọ̀! Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilé Bírítéènì ló wà lórí ilẹ̀ èédú. Mélòó ló ti wó lára wọn?

Bàbá Wálé (Essen): "Wọ́n ti kógbá sílé" kò túmọ̀ sí pé ó parí o. Ní Jámánì níbí, èédú parí ní Bottrop ní December 2018, síbẹ̀ ẹ̀rọ afami kò sinmi. Apá ibì kan ní Essen ti rì ju 20 mítà lọ, odò kò rí ọ̀nà ṣàn mọ́. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ yẹn, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbègbè Ruhr máa di adágún. Láti 2007 ni wọ́n ti dá àjọ kan tó ń jẹ́ RAG-Stiftung sílẹ̀, kó máa san owó iṣẹ́ tí kò lópin yìí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Barnsley la wà, Bàbá. Ẹ má gbé wa lọ Jámánì.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Tí ògiri ilé bá wá sán ńkọ́? Ta ló máa tún un ṣe?

Kúnlé Lọ́yà: Òfin 1991 lórí ilẹ̀ tó rì nítorí kùsà èédú wà fún un. Fún kùsà tó ti kógbá sílé, àjọ ìjọba Mining Remediation Authority, tá a mọ̀ sí Coal Authority títí di 2024, ló máa tún un ṣe tàbí kó sanwó. Tó bá jọ ti kùsà, àwọn ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé kì í ṣe ti kùsà, kì í ṣe ẹ̀yin. Ọdún mẹ́fà péré lẹ ní láti fẹjọ́ sùn.

Láídé Sọ̀fíyọ̀: Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ògiri tó sán ni ti kùsà. Ilẹ̀ amọ̀ a máa súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òfin yẹn kò kan ìyẹn. Màmá, kí ni ìwé yẹn sọ nípa ẹnu ihò kùsà? Ó ju 170,000 tí wọ́n mọ̀ ní Bírítéènì, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé igi àti pàǹtírí ni wọ́n fi dí i.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ó ní ọ̀kan wà láàárín 20 mítà sí ààlà ilé.

Láídé Sọ̀fíyọ̀: Ha! Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Báńkì gan-an lè kọ̀ láti yá yín lówó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ fi ìyẹn já owó rẹ̀ walẹ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì (Leeds): Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá sùn níbẹ̀?