Oṣù tó ní Fúráìdè márùn-ún kì í ṣe nǹkan ọdún 823 o

Ẹ̀yin ará orí WhatsApp, mẹ́sééjì yẹn tún ti ń yí ká o, èyí tó ní oṣù tó bá ní Fúráìdè márùn-ún, Sátidé márùn-ún àti Sọ́ńdè márùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wáyé láàárín ọdún 823, pé àwọn ará Ṣáínà ń pè é ní àpò owó, kéèyàn tètè fi ránṣẹ́ kówó lè wọlé. Irọ́ ni jàre. Oṣù yòówù tó bá ní ọjọ́ 31 tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Fúráìdè, dandan ni kó rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28, mẹ́ta tó kù á bọ́ sí Fúráìdè, Sátidé, Sọ́ńdè, ó tán. Ẹ wo kàlẹ́ńdà: October 2010 rí bẹ́ẹ̀, August 2014, March 2024, August 2025, May 2026 náà wà ńbẹ̀. Ṣé ọdún 823 ló wà láàárín wọn ni?

Irú mẹ́sééjì yìí tó dá lórí February ló tiẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, wọ́n ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, láti Sọ́ńdè dé Sátidé, jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin nínú ẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Gbogbo February tó bá ti ní ọjọ́ 28 ló rí bẹ́ẹ̀ kẹ̀! Kàlẹ́ńdà tá à ń lò yìí gan-an, 1582 ni Póòpù Gregory Kẹtàlá gbé e jáde, kò tíì pé ọdún 500, ibo wá ni 823 ti wá? Ti owó yẹn, dátà yín nìkan ló máa bá a lọ.