Ẹ Gba Àwọn Ọmọ Tó Mọ̀ Nípa Omi Síṣẹ́ ní Abere

Bá a ṣe ń ní kí ìjọba gba àwọn tó mọ̀ nípa omi, láti odò dé òkun, síṣẹ́, àwọn kan á máa bi wá pé kí ló kan ará Òṣogbo nínú ọ̀rọ̀ òkun. Lóòótọ́ la ò létí òkun, ṣùgbọ́n Odò Ọ̀ṣun ò mọ ààlà ìpínlẹ̀ kankan o, Èkìtì ló ti ń bọ̀, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba ọ̀dọ̀ wa, ó gba Aṣéjírè tí wọ́n ti ń fa omi lọ sí Ìbàdàn, kó tó lọ bọ́ sínú ọ̀sà Lẹ́kí, ibẹ̀ ló ti ń dé òkun. Ohun tí wọ́n bá dà sí i lókè, àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ló máa bá a nísàlẹ̀.

A sì mọ ohun tí wọ́n ń dà sí i. Àwọn tó ń wa góòlù nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ yẹ̀pẹ̀ sínú omi, odò ti pọ́n bíi tíì onímílíìkì títí dé inú Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kà mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ní 2022 ìjọba fúnra ẹ̀ kìlọ̀ fáwọn tó wá sọ́dún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Ó dáa tí wọ́n kìlọ̀, àmọ́ lẹ́yìn ọdún, ta ló ń mójú tó o?

Ohun tá a ń wí ò ju pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí àwọn ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Abere, gba àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé nípa omi síṣẹ́ gidi, tó ní lẹ́fẹ́ẹ̀lì àti pẹ́ńṣọ̀n, kó jẹ́ pé ìmọ̀ràn lórí omi, láti odò dé òkun, ni iṣẹ́ wọn. Kọ́ńsọ́tàǹtì tó máa kọ ripọ́ọ̀tì, gba owó, tá ò sì ní rí i mọ́, ti tó gẹ́ẹ́.

Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe ti inú ọ́fíìsì nìkan. Láàárọ̀ wà á wọ bàtà òjò bọ́ sódò, wà á bu omi sí ìgò lókè ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà, wà á tún bu òmíì nísàlẹ̀ ẹ̀, wà á kọ ọjọ́ àti aago sára ìgò méjèèjì, ó di láàbù, kí wọ́n wo bí òjé àti mẹ́kúrì, àwọn èròjà olóró, inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wà á ka láìsẹ́ńsì láti mọ ibi tí ààlà àwọn awakùsà dé. Lẹ́yìn náà lo máa wá kọ gbogbo ẹ̀ sójú ìwé méjì péré tí kọmíṣọ́nnà lè kà tán nínú mọ́tò kó tó dé ìpàdé, lójú tiwa ibí yìí ló le jù, torí àwọn tó mọ̀wé pọ̀ tọ́rọ̀ wọn kì í yé ẹni tó máa fọwọ́ síwèé.

Òfin ìwakùsà 2007 ti fi láìsẹ́ńsì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, gómìnà ò lè dá a gbà. Ẹ̀rí tó dúró ló lè gbé lọ sí Àbújá, ẹ̀rí ọ̀hún ò sì ní ti ọ̀run wá. Nígbà tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, nínú ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ní 1988, ẹ̀yìn ìgbà yẹn nìjọba àpapọ̀ tó dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Ṣé báwa náà ṣe máa dúró nìyẹn?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó bá lóun fẹ́ kàwé nípa omi tàbí ẹja, ẹ má fipá yí i sí lọ́ọ̀. Àtọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ mínísítà sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun, ibẹ̀ náà ń fẹ́ èèyàn.

Inú bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ la ti fẹ́ rí i, owó oṣù wọn, owó láàbù, owó mọ́tò tó máa gbé wọn dé odò, kí wọ́n sì máa lẹ èsì àyẹ̀wò omi mọ́ pátákó ní Abere lóṣooṣù kí aráàlú lè kà á.