Ẹ má fi ẹgba lé Yorùbá kúrò nílé ẹ̀kọ́ ìjọ

Ní ọdún 1844, ní Freetown ní Sierra Leone, Samuel Àjàyí Crowther, àlùfáà ọmọ Yorùbá, fi èdè Yorùbá darí ìsìn fún àwọn ènìyàn wa tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún tó ṣáájú. Iṣẹ́ náà ń gbèrú títí míṣọ́nnárì Henry Townsend fi dá Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn èdè Yorùbá, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, tí àwọn míṣọ́nnárì sì péjọ sí Èkó ní 1875 láti fẹnu kò lórí bí a óò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀, kí odidi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ka Yorùbá lónìí, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí oníṣẹ̀ṣe, ń jẹ nínú làálàá yẹn.

Ìdí nìyí tó fi dùn wá gidigidi pé, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀, wọ́n ń na ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, tàbí kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú àwọn ìjọ ìlú ńlá pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìsinmi, àtorin àtẹsẹ Bíbélì àkọ́sórí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò dàgbà tán láìlè ka Bíbélì ìyá àgbà rẹ̀.

A kò sọ pé ìjọ kò jẹ̀bi rí. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì tó kọ èdè wa sílẹ̀ náà ló bẹnu àtẹ́ lu ìlù wa, tí wọ́n sì ń fi orúkọ òyìnbó rọ́pò tiwa níbi ìrìbọmi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn kò gbà. Ní 1888, àwọn Onítẹ̀bọmi kan yapa ní Èkó, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, David Brown Vincent, pa orúkọ náà tì ní 1894, ó di Mọ́jọlà Agbébi, aṣọ ìbílẹ̀ ló sì ń wọ̀. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó di atẹdùùrù kàtídírà Marina ní Èkó ní 1914, rí i pé orin tí a gbé ka ohùn òyìnbó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá po lẹ́nu àwọn olùjọ́sìn, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orin tí ohùn rẹ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ nítorí Yorùbá, wọn kò sì fi Yorùbá sílẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́.

Àwọn òbí yóò ní kí ọmọ àwọn lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ṣe ń sanwó. Ẹ̀rù wọn yé wa. Àmọ́ ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. St Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ inú Bíbélì, ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ náà mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Ìjọ kò nílò àṣẹ ìjọba kí ó tó ṣe ohun tó tọ́ nínú ilé tirẹ̀. A ń béèrè lọ́wọ́ àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn alábòójútó àti ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ gbogbo ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá pé kí wọ́n fòfin de ìyà àti owó ìtanràn yìí ní táàmù tó ń bọ̀, kí Yorùbá di èdè ìkọ́ni ní kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́, kí wọ́n sì dá ẹ̀kọ́ ọmọdé ọjọ́ ìsinmi padà sí èdè tí Crowther fi wàásù.