Ẹ Má Fi Ẹ̀bùn Bo Òógùn Ọlọ́nà Mọ́lẹ̀

Inú mi kì í dùn nígbà tí ẹnì kan bá dúró níwájú ère Odùduwà tó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tó sì sọ pé, "Ẹ̀bùn àbímọ́ ni." Mo mọ̀ pé oríyìn ló fẹ́ fún olóògbé Bàbá Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ tó gbẹ́ ère náà, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ wọn ni, ó sì ń gbé e fún àwọn baba ńlá wọn.

Òótọ́ ni pé ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá Ọ̀ràngún ni a bí wọn sí, orúkọ wọn gan-an sì ń kéde pé ọlọ́nà dé. Ọwọ́ bàbá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, láti nǹkan bí ọmọ ọdún 10. Ká ní àbímọ́ tó ni, wọn ì bá jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1949, ẹni tó ti mọ ère gbẹ́ tún kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, sí ibi iṣẹ́ ọnà àwọn Fadá Kátólíìkì, níbi tí Fadá Kevin Carroll wà, ó tún di ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ agbẹ́gilére George Bándélé fún nǹkan bí ọdún 3. Ta ni nínú wa ló lè gbà bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ní pè é ní idán. Ọnà lílé ló ṣáájú, níbi tí àáké ti ń la orí, àyà àti ẹsẹ̀ ère jáde lára ìtì igi. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, tí imú, etí àti ọwọ́ yóò fi hàn. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí ọ̀bẹ yóò mú gbogbo ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, kó tó wá kan fínfín, ìyẹn ìlà irun, ojú àti aṣọ. Ẹni tó ń mọ amọ̀ lè tún un mọ, ṣùgbọ́n èyí tí àáké bá ti bù kúrò lára igi ti lọ nìyẹn. Ojú inú agbẹ́gilére ní láti ti rí ère náà tán kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan igi, ojú bẹ́ẹ̀ kì í sì í là lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí Bàbá Fákẹ́yẹ fi di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1978, ó ti tó nǹkan bí 40 ọdún tí wọ́n ti ń gbẹ́gi. Ogójì ọdún yẹn ni mo fẹ́ kí a máa dárúkọ nígbà tí a bá ń yìn wọ́n.