Ta ló ní àṣàrò ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́?

Ohùn kan ni wọ́n tún fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àdúrà wa. Pásítọ̀ kan ń kìlọ̀ níbẹ̀ pé Kristẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ṣe àṣàrò ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́, pé nǹkan àwọn ará Íńdíà ni, pé ẹni tó bá fẹ́ rí Ọlọ́run, kó la ẹnu. "Àmín" ti kún abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mátíù 12 ni wọ́n máa ń dì mú: ilé tí a gbá mọ́, tó ṣófo, tí ẹ̀mí àìmọ́ fi kó méje mìíràn wá síbẹ̀. Ilé òfìfo ni Jésù wí. Níbo ni ọkàn tó jókòó ti Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti ṣófo? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ àṣàrò fún Jóṣúà lọ́sàn-án àti lóru. Ísáákì jáde lọ sí oko lálẹ́ lọ ṣe é. Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì 24.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ fi Bíbélì sílẹ̀ ná. Àwọn oníwàásù wa fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn George Müller, ẹni tó tọ́jú ọmọ òrukàn tó lé ní 10,000 ní Bristol láì tọrọ owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kì í sọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àárọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1841. Ó ní fún ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, bí òun bá ti wọṣọ tán, àdúrà ló kàn. Ọkàn rẹ̀ á sì máa rìn gbéregbère, nígbà mìíràn fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó gbàdúrà ní ti gidi. Ló bá yí i padà. Májẹ̀mú Tuntun ló kọ́kọ́ ń ṣí. Á bẹ Olúwa ní gbólóhùn díẹ̀ pé kó bù kún ọ̀rọ̀ rẹ̀, á wá máa tú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan wò fínnífínní, kì í ṣe torí ìwàásù, torí kí ọkàn tirẹ̀ lè jẹun ni. Kò ní pẹ́, á ti bára rẹ̀ nínú ìjẹ́wọ́, ọpẹ́, tàbí ẹ̀bẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àdúrà tó ń sá fún un tẹ́lẹ̀, àṣàrò ló fà á jáde. Ẹ̀mí àìmọ́ wo ló wọlé sí i lára?

Ojú tèmi náà rí i. Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan gbà ládùúrà mọ́. Bí wọ́n bá ń kígbe nísọjí, ohùn mi kì í jáde. Sáàmù 23, ẹsẹ 4, ni mo ń jókòó tì láràárọ̀. Mo máa ń kà á kẹ́lẹ́, máa dúró lórí "nítorí tí ìwọ wà pẹ̀lú mi," máa tún un kà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé títí dé ẹsẹ 3, ńṣe ni Dáfídì ń sọ̀rọ̀ nípa Olúwa fún wa. Inú àfonífojì òjìji ikú ló ti kọjú sí Olúwa fúnra rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbàdúrà.

Òótọ́ ni pé àwọn kan ń pe orúkọ òrìṣà bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ bá wọn ṣe é. Àwọn mìíràn ń fi orin àti ìlù pe òrìṣà tiwọn, a ò tìtorí ìyẹn ní kí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ palẹ̀ mọ́.